Ilẹ̀ tí wọ́n ti wa kùsà ní Ìfẹ́lódùn: ṣé èédú lè mú kí nǹkan hù níbẹ̀?

Ọmọ Ìfẹ́lódùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa. Ìdajì éékà ilẹ̀ kan wà lápá Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara tí àwọn tó ń wa kùsà ti gbẹ́ káàkiri. Wọ́n ti rọ́ erùpẹ̀ padà sínú kòtò, àmọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ló wá wà lókè báyìí: yangí, òkúta wẹ́wẹ́, amọ̀ pupa tó le koránkorán. Ilẹ̀ dúdú tó yẹ kó wà lókè ti rì mọ́ abẹ́. Àgbàdo tí a gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ò ju orúnkún lọ, etí ewé rẹ̀ sì ní àwọ̀ àlùkò. A da ajílẹ̀ NPK 15-15-15 sí i lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń da omi sínú asẹ́ ni.

Mo gbọ́ pé èédú tí wọ́n ń pè ní biochar lè tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Kaṣú la fẹ́ gbìn gan-an, kí ẹ̀wà wà láàárín rẹ̀ fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Ṣé ká fọ́n ọn káàkiri oko ni? Ká rà á ni, àbí ká sun ún fúnra wa? Ó sì ku ọ̀kan: ṣé ohun tó bá hù níbẹ̀ ṣeé jẹ?

Bàbá Ajílẹ̀:

Àwọ̀ àlùkò yẹn ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ tán. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ irúgbìn, ni àgbàdo yín ń wá tí kò rí. Ó wà nínú NPK tí ẹ dà o, àmọ́ irin tó pọ̀ nínú yangí ti gbá a mú, gbòǹgbò ò sì lè já a gbà. Náítírójìn ní tirẹ̀, òjò ló wẹ̀ ẹ́ lọ, torí erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ò ní ohun tó máa fi dì í mú. Ibẹ̀ ni èédú ti wúlò. Ihò tíntìntín inú rẹ̀ ń gba omi àti ajílẹ̀ dúró, eérú ara rẹ̀ sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù díẹ̀.

Ṣùgbọ́n èédú kì í ṣe oúnjẹ irúgbìn. Àgbá ni. Bí ẹ bá gbé àgbá òfìfo sínú oko, ohun tó wà nínú oko ni yóò kọ́kọ́ fà kún ara rẹ̀. Ẹni tó bá ro èédú lásán mọ́ irú ilẹ̀ yẹn, ewé lè máa ṣe rúsúrúsú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí náítírójìn díẹ̀ tó kù lọ́wọ́ ilẹ̀, èédú ti gbà á. Àwọn ló ń sọ pé àwọn dán an wò, kò ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ rọ àgbá náà kún kó tó wọ oko. Ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sí èédú kí ẹ tó lù ú, eruku rẹ̀ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dì í sápò, kí ẹ máa fi igi lù ú títí èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ò fi ní ju hóró àgbàdo lọ. Lẹ́yìn náà, bàrò èédú kan sí bàrò ìgbẹ́ adìẹ méjì. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ màlúù láti gáà ni, ẹ jẹ́ kó di mẹ́ta, kò lágbára tó ti adìẹ. Ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ máa wọ́n omi sí i títí tí ẹ bá bù ú sọ́wọ́ tí ẹ fún un, á mọra ṣùgbọ́n omi ò ní ro. Ẹ bò ó lábẹ́ ibòji, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta yín lójú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, náítírójìn ló ń fò lọ yẹn. Ẹ bu èédú kún un. Tó bá ti tutù, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó ti délẹ̀.

Èyí ò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ṣe máa ń rí lórí ààtàn àtijọ́. Eérú, èédú ìdáná, egungun àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló para pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́bàá odò Amasónì ní Brazil náà, irú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ wà tí àwọn ará àtijọ́ fi èédú àti pàǹtírí ṣe, ó sì ń so èso títí dòní.

Ní ti ìwọ̀n: tọ́ọ̀nù 10 fún hẹ́kítà kan ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn kílò kan fún mítà kan ní ìbú àti òró. Ìdajì éékà yín á gba bíi tọ́ọ̀nù 2 èédú gbígbẹ. Iṣẹ́ ńlá ni, bẹ́ẹ̀ ibi tó pọ̀ jù lára rẹ̀ ni gbòǹgbò kaṣú ò ní dé fún ọdún mélòó kan. Ẹ má fọ́n ọn. Inú ihò ni kí ẹ fi sí.

Bí kaṣú bá fi mítà 9 jìnnà síra wọn lọ́nà méjèèjì, ihò bíi 25 ló máa gbà. Ẹ gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 60 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, ní ìbú àti ní jíjìn. Ẹ tún fi díígà fọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bíi 20 sẹ̀ǹtímítà, ẹ má fo èyí o. Tí amọ̀ líle yẹn bá wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú ihò ni gbòǹgbò á máa yí po bí ohun tó wà nínú ìkòkò. Ẹ ṣa òkúta kúrò nínú erùpẹ̀ tí ẹ wú jáde. Bọ́kẹ́ẹ̀tì 10 lítà ni ká fi wọ̀n ọ́n: nínú ihò kan, kí èédú tó bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì kí ìgbẹ́ tó mẹ́rin, ìyẹn mẹ́fà lára àpòpọ̀ náà, kí erùpẹ̀ tí ẹ ti ṣa kún ìyókù. Ẹ po SSP (ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì) bíi 200 gíráàmù mọ́ àpòpọ̀ yẹn kí ó tó kan erùpẹ̀ pupa, kí irin má tún gbá a mú. Ẹ jẹ́ kó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, torí ó máa rì.

Fún ẹ̀wà, ẹ la ojú ìlà tó jìn tó 15 sẹ̀ǹtímítà, bọ́kẹ́ẹ̀tì àpòpọ̀ kan fún mítà méjì, kí ẹ bo erùpẹ̀ lé e. Èédú tó bá wà lójú ilẹ̀, òjò àkọ́kọ́ á gbé e lé orí omi, odò ló ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n Òrékè:

Gbogbo ohun tí Bàbá sọ, ilẹ̀ pupa ló wà fún. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ sí apá Òrékè níbi tí wọ́n ti ń gé òkúta mábù o. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò kan rárá, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe: pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe kan tó hàn (bó bá ṣe kéré sí ni kíkan ṣe pọ̀ sí), lè ju 8 lọ. Eérú ara èédú á tún gbé e sókè sí i, irúgbìn ò sì ní rí irin àti síǹkì fà. Ewé tuntun lẹ máa rí tó pọ́n rúsúrúsú tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ní irú ibẹ̀, ìgbẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Ẹni tó bá fẹ́ fi èédú sí i dandan, kó jẹ́ èédú igi tí a ti fi omi ṣan eérú kúrò lára rẹ̀, kó sì mọ níwọ̀n.

Ká tó dá èédú kankan, ká mọ irú ilẹ̀ tó wà níwájú wa. Ẹ bu ìkúnwọ́ erùpẹ̀ gbígbẹ sínú àwo, ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan kan, ẹ gé e, ẹ fún un lé e lórí. Bó bá hó ṣìì bí ọṣẹ, òkúta mábù wà nínú rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ ra tákàdá pH: ife erùpẹ̀ kan, ife omi òjò méjì àti ààbọ̀, ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó ti tákàdá bọ omi tó wà lókè. Ibi mẹ́wàá káàkiri oko ni kí ẹ ti bu erùpẹ̀ náà, láti òkè dé 20 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ pò ó pọ̀. Ẹni tó bu ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìkan ti tan ara rẹ̀ jẹ.

Tó bá wà láàárín 5.5 sí 6.5, ẹ máa bá ohun tí Bàbá sọ lọ. Bó bá wá sílẹ̀ ju 5 lọ, eérú èédú nìkan ò ká a, ẹ máa nílò láìmù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, torí láìmù ọ̀hún, òkúta mábù tí a lọ̀ kúnná ni. Ìdọ̀tí tó ń yọ àwọn ará Òrékè lẹ́nu ni oògùn tiyín.

Ohun kan tún ku. Bí omi tó dúró nínú kòtò bá pọ́n bí irin tó dógùn-ún, tí kò sí ọ̀pọ̀lọ́ tàbí koríko kankan létí rẹ̀, a jẹ́ pé òkúta tó ní imí-ọjọ́ wà nínú ohun tí wọ́n wú jáde. Bí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án ló ń mú kíkan tuntun jáde lọ́dọọdún. Láìmù ẹ̀ẹ̀kan ò lè tó irú ìyẹn, ìgbà gbogbo ni ẹ ó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Ìfẹ́lódùn:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ ò hó rárá, tákàdá sì mú 4.8. Omi kòtò ò pọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, èérún èédú tí àwọn elèédú máa ń gbá jọ nísàlẹ̀ àpò ńkọ́? Ó kún ìta wọn ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ wọn ń dà á nù ni.

Ìyá Aláró Oko:

Ó dára, òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ti gé igi rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sun ún, ẹ kàn ń kó ohun tí wọ́n ń gbá dànù ni. Àmọ́ yanrìn máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi: èyí tó pọ̀ nínú èédú á léfòó, yanrìn á rì sísàlẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ bá rì, ilẹ̀ lẹ rà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ bóyá kẹrosíìnì ti dà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ra àpò èédú gidi wá tún oko ṣe. Igi irúgbá àti èmí ni wọ́n ń gé lulẹ̀ fún un. Ẹ ò lè máa fi kòtò kan dí kòtò mìíràn.

Bí èérún ò bá tó, ẹ sun ṣùkù àgbàdo, ẹ̀ka kaṣú tí ẹ tọ́ dànù, tàbí pópòrò ọkà bàbà. Kòtò ni mo máa ń gbà èèyàn nímọ̀ràn, kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù tó gba ṣùkù 30 kílò ò lè mú ju èédú kílò 7 tàbí 8 jáde. Ẹ gbẹ́ kòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan àtààbọ̀, kó máa dín wá sísàlẹ̀ bí àrọ títí ìdí rẹ̀ á fi fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kó jìn tó 70. Tó bá kún, ó máa ń gbà tó lítà 600. Tí ẹ bá lù ú, ó máa dín kù, nítorí náà sísun ẹ̀ẹ̀mejì á tó ihò 25 yín, kó sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún ẹ̀wà.

Ohun tí ẹ máa sun gbọ́dọ̀ gbẹ débi pé tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, á dún pọ́ọ̀. Ẹ dá iná kékeré sí ìdí kòtò, kí ó jó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fọ́n ṣùkù lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ tẹjú mọ́ ojú ẹyin iná: bí eérú funfun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn létí rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí a wọ́n, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ fọ́n ìpele mìíràn lé e. Ọwọ́ iná tó wà lókè ni ìdérí yín. Òun ló ń jẹ afẹ́fẹ́ tán kó tó dé ìsàlẹ̀. Bí èéfín dúdú bá ń jáde, ẹ ti yára jù tàbí ohun tí ẹ kó wá tutù. Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá ti funfun, ẹ ti pẹ́, eérú lẹ ń sun yẹn. Ó lè gba wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Omi lẹ máa fi pa á, kì í ṣe yanrìn. Ẹ ti ní kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́wàá sí méjìlá nílẹ̀ kí ẹ tó ṣáná. Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ̀gì márùn-ún tó ní yóò tó, eérú ló máa bá láàárọ̀. Ẹ dà á, ẹ fi ṣọ́bìrì yí i, ẹ tún dà á, kí ẹ sì kó o jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó má nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èyí tí wọ́n kó jọ bí òkìtì tún máa ń gbaná lọ́jọ́ kejì. Láti mọ̀ bóyá ó jiná, ẹ fi ọwọ́ fún un: bí omi lásán bá wẹ̀ ẹ́ kúrò, ó jiná, bó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọ̀dà, ẹ dá a padà sínú iná.

Èèpo ìrẹsì láti Ṣàárẹ́ tàbí Tsaragi ò ṣeé sun nínú kòtò yìí, ó máa ń dì mọ́ra jù. Tánganran kẹrosíìnì tí a lu ihò sí lára, tí a ki páìpù bọ̀ lókè, la máa ń dá iná sí, kí a wá rọ́ èèpo yí i ká. Láti inú ni yóò máa dúdú wá síta. Kí ìta tó di eérú, kí ẹ ti bu omi pa á. Eérú inú rẹ̀ pọ̀ ju ti igi lọ o, nítorí náà ìgbẹ́ ni kó pọ̀ nínú àpòpọ̀ yín.

Èèpo kóró kaṣú ni kí ẹ jìnnà sí. Epo inú rẹ̀ ń bó ara, èéfín rẹ̀ náà ń ta lójú, ó ń ta ní ọ̀fun. Pákó tí wọ́n kun, tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí, náà ò gbọdọ̀ wọ kòtò yín.

Alábòójútó:

Kò tíì sẹ́ni tó fèsì sí ìbéèrè yẹn, bóyá ohun tó bá hù níbẹ̀ ṣeé jẹ, òun ló sì wúwo jù. Kí ni wọ́n wà níbẹ̀? Bó bá jẹ́ wúrà, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lọ òkúta tí wọ́n sì fọ̀ ọ́, òjé lè wà nínú ilẹ̀ náà, wọ́n sì lè ti lo mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń fa wúrà jọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010 kì í ṣe ìtàn: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni òjé láti ibi ìwa wúrà pa.

Èédú lè de òjé mọ́lẹ̀ kí gbòǹgbò má fà á púpọ̀, ṣùgbọ́n kò pa á, kò sì gbé e kúrò. Ọmọ tó ń fi erùpẹ̀ ṣeré á ṣì kó o sẹ́nu. Àsẹ́níìkì, májèlé mìíràn tó lè wà nínú òkúta, wá burú jù bẹ́ẹ̀: bí èédú àti láìmù bá gbé pH sókè, ó lè tú u sílẹ̀ sínú omi, irúgbìn á sì fà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ òjé àti àsẹ́níìkì wò kí ẹ tó gbin ohunkóhun tí ẹnu máa jẹ. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin tàbí ti Landmark ní Ọ̀mù-Àrán ni ẹ lè kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Kílò kan erùpẹ̀ tí ẹ pò pọ̀ tó. Títí èsì á fi dé, kò sí ẹ̀fọ́, kò sí gbáguda, kò sí ẹ̀pà. Ewé àti ohun abẹ́ ilẹ̀ ló ń kó o jù.

Láfikún, òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó wa kùsà ló ni ẹrù títún ilẹ̀ ṣe. Bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ bá ṣì wà, kí ìlú béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi owó ara yín ra ìgbẹ́ adìẹ.

Ọmọ Ìfẹ́lódùn:

Kì í ṣe wúrà, òkúta lithium ni, wọn ò sì fọ ohunkóhun níbẹ̀. A ó ṣì yẹ̀ ẹ́ wò. Láìmù mélòó ni fún 4.8? Ṣé ká dà á mọ́ èédú àti ìgbẹ́ nínú òkìtì kan náà?

Ẹ̀gbọ́n Òrékè:

Rárá o! Láìmù àti ìgbẹ́ tútù kì í jókòó pọ̀, òun ló ń lé náítírójìn jáde. Ẹ fi láìmù sínú erùpẹ̀ ihò lákọ̀ọ́kọ́, bíi 300 gíráàmù fún ihò kan, ẹ pò ó, kí òjò kan tàbí méjì rọ̀ sí i, kí ẹ tó gbé àpòpọ̀ èédú wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójú ìlà ẹ̀wà, 200 gíráàmù fún mítà kan ní ìbú àti òró tó.

Bàbá Ajílẹ̀:

Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni kí ẹ sun èédú, ní kùtùkùtù kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó dìde, kí ẹ ro mítà 5 yí kòtò ká. Oṣù kẹta, ẹ fi ìgbẹ́ rọ ọ́ kún. Oṣù kẹrin tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò kí ẹ sì fi láìmù sí i, kí ẹ sì gbin kóró kaṣú sínú ọ̀rá. Ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà ni kí kaṣú wọlé. Kí ẹ tó ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ fi ẹ̀wà dán ilẹ̀ náà wò ní ojú mẹ́rin, mítà méjì níbùú lóròó: ọ̀kan lásán, ọ̀kan ìgbẹ́ nìkan, ọ̀kan èédú nìkan (kílò 4), ọ̀kan èédú àti ìgbẹ́. Bí ti ìgbẹ́ nìkan bá dọ́gba pẹ̀lú ti méjèèjì, ẹ má ṣe wàhálà èédú.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ fa igi ẹ̀wà kan tu ní ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra gbọn erùpẹ̀ kúrò, ẹ fi èékánná bẹ́ kóko kékeré ara gbòǹgbò rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹran, ó ti ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ tún pH yẹn wọ̀n.